Agbéhùnsókè Onífáàfù: Títò Rẹ̀, Àtúntò Rẹ̀ àti Ọ̀nà Àtiwá Àléébù Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ohùn kì í rìn nínú wáyà. Ohun tí ń rìn níbẹ̀ ni iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní àfarawé ìró ohùn náà. Iná-ohùn ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Nígbà tí iná-ohùn bá jáde láti inú rédíò, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tàbí tẹlifóònù alágbèéká, kì í lágbára tó láti mi awọ sípíkà. Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì ni ó máa ń wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Èkíní yóò sọ iná-ohùn kékeré di ńlá. Èkejì yóò fún un ní agbára tí yóò fi lè ti awọ sípíkà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kìíní yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, pàápàá irú èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ nínú ilé pẹ̀lú fáàfù kan ṣoṣo.

Orúkọ tí ó yẹ ẹ̀rọ náà ni agbéhùnsókè aṣíwájú. Ẹlòmíràn lè fẹ́ láti kọ ọ́ ní agbóhùnsókè, nítorí pé gbé àti ohùn lè di gbóhùn bí wọ́n bá pàdé. Ṣùgbọ́n gbọ́ àti ohùn pẹ̀lú a máa di gbóhùn. Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ ohùn. Ńṣe ni ó ń gbé e. Nítorí náà, ó sàn kí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe náà hàn gbangba, kí èdè àìyedè má baà wọlé.

Ète àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ méjì. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ẹ̀rọ yìí pọ̀, bí wọ́n ṣe lè tún un tò, àti bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí ó bà jẹ́ nínú rẹ̀. Èkejì ni láti fi hàn pé orúkọ tí ó bá sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà kan ń ṣe máa ń ràn oníṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá tẹ̀ lé ìrísí nìkan lè ṣi í lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iná tí ó tó 250 fóòtì ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà, ó sì lè pa ènìyàn.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun ní èdè Yorùbá. Nígbà tí rédíò dé, àwọn ènìyàn kò wá ìtumọ̀ fún orúkọ tí ó bá a wá. Wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, ẹ̀rọ mìíràn tún wọ ilé, amóhùnmáwòrán sì ni orúkọ Yorùbá tí ó fìdí múlẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ni ó bí orúkọ méjèèjì. Ìlànà kan náà ni yóò darí orúkọ àwọn ẹ̀yà tí ó tẹ̀ lé e yìí.

2. Fáàfù àti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀

Ní 1904 ni John Ambrose Fleming, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìgò kan tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá sí apá kan ṣoṣo. Nítorí ìwà yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́ ní orúkọ ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ohun tí ó bá jáde padà wọlé, èyí tí ó di fáàfù lẹ́nu àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Láàárín 1906 sí 1907, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta kún un. Ẹ̀yà yìí ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó lè gbé ohùn sókè. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn wo ìrísí rẹ̀, wọ́n sì pè é ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọ̀pá oníhò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tiransístọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ní 1947, díẹ̀díẹ̀ ni fáàfù kúrò nínú rédíò àti amóhùnmáwòrán. Síbẹ̀, kò parẹ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà fún àwọn onígìtá àti fún àwọn tí ń tò agbéhùnsókè fúnra wọn. Ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, ojú lè rí wọn, mítà sì lè dé ìdí wọn. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ náà fáàfù ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, kò sí ìdí láti lé e lọ. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ni ó nílò orúkọ, nítorí pé bí wọ́n bá pè wọ́n ní káàtóòdù, gíríìdì àti ánóòdù lásán, ẹni tí ó gbọ́ kò tíì mọ ohun kan.

Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wáyà kan wà tí ó ń pọ́n bí ẹyín iná. Adáná ni ẹ̀yà yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó mú kí ẹ̀yà kejì tí ó yí i ká gbóná. Nígbà tí ẹ̀yà kejì yìí bá gbóná tó, àwọn ẹlẹ́kítíróònù yóò máa tú jáde láti ara rẹ̀. Nítorí náà, atújáde ni orúkọ rẹ̀. Ní ìta pátápátá ni àpótí irin kékeré kan wà tí wọ́n fún ní ipá iná tí ó ga gan-an. Òun ni ó ń fa àwọn ẹlẹ́kítíróònù mọ́ra. Agbàwọlé ni orúkọ tí ó bá a mu. Àwọn kan ti fẹ́ láti pè é ní àwo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwo orin ti wà nínú iṣẹ́ yìí kan náà, ẹ̀yà náà kò sì jọ àwo lójú ẹni tí ó bá rí i.

Ẹ̀yà kẹta, tí ó wà láàárín atújáde àti agbàwọlé, jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ yípo pẹ̀lú àlàfo láàárín. Bí ènìyàn bá wo ìrísí rẹ̀, yóò pè é ní asẹ́. Ṣùgbọ́n asẹ́ a máa dá èérí dúró, a sì máa jẹ́ kí èyí tí ó mọ́ kọjá. Ẹ̀yà yìí kì í yan èyí tí yóò kọjá ní ìyàtọ̀ sí èkejì. Iye tí yóò kọjá ni ó ń pinnu. Oníbodè ni orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, oníbodè ni ó máa ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, tí ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kì í bá èrò lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀yà yìí. Bí ipá iná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti atújáde lọ, yóò máa ti àwọn ẹlẹ́kítíróònù padà. Bí ó bá sún mọ́ ti atújáde, púpọ̀ nínú wọn yóò kọjá.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín oníbodè ìlú àti oníbodè fáàfù, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Oníbodè ìlú a máa gba owó bodè. Oníbodè fáàfù kò gbọdọ̀ gbà á. Kò gbọdọ̀ mú ẹlẹ́kítíróònù kankan fún ara rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí gba owó bodè, àléébù ti dé, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i ní ìpín keje.

3. Ẹ̀rọ àpẹẹrẹ

Fáàfù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AX7. Fáàfù méjì ni ó wà nínú ìgò kan náà, nítorí náà ìgò kan tó fún etí ọ̀tún àti etí òsì. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó ní. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì kà wọ́n láti ibi àlàfo bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ẹsẹ̀ 1 àti 6 jẹ́ ti agbàwọlé, ẹsẹ̀ 2 àti 7 jẹ́ ti oníbodè, ẹsẹ̀ 3 àti 8 jẹ́ ti atújáde. Ẹsẹ̀ 4, 5 àti 9 jẹ́ ti adáná. Bí iná adáná bá jẹ́ 6.3 fóòtì, wọn yóò so ẹsẹ̀ 4 àti 5 pọ̀ mọ́ ojú kan, wọn yóò sì so ẹsẹ̀ 9 mọ́ ojú kejì. Yóò máa gba ámúpíà 0.3.

Fún etí kọ̀ọ̀kan, rẹ́sítọ̀ 100,000 óòmù yóò wà láàárín 250 fóòtì àti agbàwọlé. Rẹ́sítọ̀ 1,500 óòmù yóò wà láàárín atújáde àti ojú òdo, èyíinì ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ipá iná gbogbo nínú ẹ̀rọ. Iná-ohùn yóò gba ara rẹ́sítọ̀ ayíhùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí láti mú ohùn pọ̀ tàbí kí ó dín, wọlé sí oníbodè.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú ètò yìí, ìṣàn iná tí ń gba inú fáàfù kọjá jẹ́ nǹkan bí mílíámúpíà 0.86. Gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm, ìṣàn yìí yóò pàdánù 86 fóòtì nínú rẹ́sítọ̀ 100,000 óòmù. Nítorí náà 164 fóòtì ni yóò kù sára agbàwọlé. Ìṣàn kan náà yóò gbé atújáde sókè ní 1.29 fóòtì lórí rẹ́sítọ̀ 1,500 óòmù. Oníbodè ní tirẹ̀ wà ní òdo. Ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ rẹlẹ̀ sí ẹni tí ó dúró lórí àpótí, bí kò tilẹ̀ gbẹ́ ihò. Báyìí ni oníbodè ṣe di ẹni tí ó fi 1.29 fóòtì rẹlẹ̀ sí atújáde láìsí pé wọ́n fún un ní iná mìíràn.

Nígbà tí iná-ohùn bá mú oníbodè lọ sókè sódò díẹ̀, ìṣàn inú fáàfù yóò pọ̀ yóò sì dín, ipá iná agbàwọlé yóò sì máa yí padà gidigidi. Bí rẹ́sítọ̀ tí ó tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà bá jẹ́ 330,000 óòmù, ohun tí ó jáde yóò jẹ́ ìlọ́po 54 ààbọ̀ ohun tí ó wọlé.

4. Akónápamọ́ mẹ́ta

Ẹ̀yà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kàpásítọ̀ wà ní ibi mẹ́ta nínú ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì ń ṣe. Akónápamọ́ ni orúkọ tí ó bo gbogbo wọn, nítorí pé kíkó iná pamọ́ ni ìwà wọn. Orúkọ yìí ṣe ju àlàyé lọ, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí ó gbọ́ kàpásítọ̀ lè rò pé bí òun bá ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ewu ti tán. Ẹni tí ó gbọ́ akónápamọ́ mọ̀ pé iná ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí.

Èkíní ni akónápamọ́ ńlá tí ó wà ní ẹ̀ka tí ń pèsè iná. Tiransifọ́mà ń gba 230 fóòtì láti ọ̀dọ̀ iná ilé. Dáyóòdù ń sọ iná àlọ-àbọ̀ di iná àlọ-tààrà. Akónápamọ́ ńlá sì ń dí àfo tí ó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì, kí iná náà lè dúró ní 250 fóòtì. Bí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ 100 maikirofáráàdì, wọ́n lè pa 250 fóòtì mọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kú. Nítorí náà, rẹ́sítọ̀ 220,000 óòmù, tí ó lè gba wáàtì 1, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti máa fa iná náà gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 22, nǹkan bí 92 fóòtì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 110 ni yóò tó lọ sílẹ̀ ju 2 fóòtì lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Oníṣẹ́ tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ náà. Bí ó bá tilẹ̀ dúró, mítà ni yóò kọ́kọ́ fi kàn án, nítorí pé rẹ́sítọ̀ tí ń fa iná gbẹ lè já.

Èkejì wà láàárín agbàwọlé àti ẹnu ọ̀nà àbájáde. Iná àlọ-tààrà tí ó tó 164 fóòtì wà lára agbàwọlé, kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ lé e. Iná-ohùn nìkan ni ó yẹ kí ó kọjá. Akónápamọ́ alárinà ni orúkọ tí ó yẹ ẹ̀yà yìí. Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́, alárinà ni ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì gbọdọ̀ pàdé. Ọ̀rọ̀ ń kọjá, ènìyàn kì í kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni iná-ohùn ń kọjá, tí iná àlọ-tààrà kì í kọjá.

Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ 25 maikirofáráàdì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́sítọ̀ atújáde. Iná-ohùn máa ń gba inú rẹ̀ lọ sí ojú òdo láìgba inú rẹ́sítọ̀. Akónápamọ́ àbùjá ni èyí.

5. Títò ẹ̀rọ náà

Kí oníṣẹ́ tó mú irin tí wọ́n fi ń jó òjé, ó yẹ kí ó ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pè ní orúkọ kan sọ́tọ̀. Wáyà ilẹ̀ ni èyí tí ó so ara irin àpótí ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, kí iná tí ó bá ṣèèṣì kan àpótí lè wọlẹ̀ lọ, kí ó má baà gba ara ènìyàn. Ojú òdo ni ibi tí gbogbo iná-ohùn ti ń padà sí. Wọ́n so pọ̀ ní ibì kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ilẹ̀ lè yọ wáyà ilẹ̀ kúrò nígbà tí ó bá ń lé ariwo, ó sì ti fi ẹ̀mí ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wáyà ilẹ̀ kò ṣeé yọ.

Gbogbo wáyà tí ń lọ sí ojú òdo yẹ kí ó pàdé ní ojú kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná-ohùn ti ń wọlé. Wáyà adáná méjèèjì yẹ kí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn, kí wọ́n sì jìnnà sí wáyà oníbodè, nítorí pé iná àlọ-àbọ̀ ni ó wà nínú wọn. Wọ́n tún lè fi rẹ́sítọ̀ 100 óòmù méjì so ojú adáná kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú òdo, kí ariwo apá kan lè pa ti apá kejì. Tiransifọ́mà yẹ kí ó wà ní ìpẹ̀kun kan, kí ẹnu ọ̀nà iná-ohùn sì wà ní ìpẹ̀kun kejì.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́, gílóòbù 40 wáàtì, irú èyí tí ó ní wáyà tí ń pọ́n nínú, yẹ kí ó wà lójú ọ̀nà iná ilé. Fáàfù kò ní sí ní ojú rẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn díẹ̀ tí ó sì tún ṣókùnkùn, ó dára. Bí ó bá tàn rokoṣo tí kò dẹ̀, iná ti já pọ̀ níbì kan, gílóòbù náà ni ó sì gba tiransifọ́mà là. Nígbà tí iná bá wà nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ kan ni oníṣẹ́ yóò máa lò. Ọwọ́ kejì yóò wà nínú àpò rẹ̀, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ̀ kọjá.

6. Àtúntò

Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ń tún tò. Èyí tí kò ṣiṣẹ́, àtúnṣe ni ó ń fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó sì yẹ kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó mú ìyípadà wá.

Àtúntò kìíní kan ayíhùn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, ayíhùn máa ń jẹ́ mílíọ̀nù óòmù kan. Ìkónápamọ́ kékeré kan wà láàárín oníbodè àti agbàwọlé, kò ju pikofáráàdì 1.6 lọ. Ṣùgbọ́n ní 1920, John M. Miller ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bí fáàfù bá ti ń gbé ohùn sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni ìkónápamọ́ yìí yóò pọ̀ tó lójú iná-ohùn tí ń wọlé. Ìlọ́po 55 ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 89, bí wọ́n bá sì ro ti wáyà mọ́ ọn, yóò tó 100. Nígbà tí ayíhùn mílíọ̀nù kan bá wà ní ìdajì, 250,000 óòmù ni ó ń dènà iná-ohùn. Àwọn ìró tí ó ga ju 6,400 hẹ́ẹ̀tìsì lọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ. Etí ọ̀dọ́ a máa gbọ́ dé nǹkan bí 20,000. Bí wọ́n bá fi ayíhùn 100,000 óòmù rọ́pò rẹ̀, ibi tí ìró ti ń rọ yóò sún dé 64,000, ìdínkù rẹ̀ yóò sì kọjá ohun tí etí lè mọ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ń fún un ní iná-ohùn lè gbé irú ayíhùn bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní lè gbé e.

Àtúntò kejì kan àbùjá. Ẹ̀rọ tí ń lu àwo CD lè fúnni ní 2 fóòtì. Ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò ti oníbodè kọjá 1.29 fóòtì rẹ̀, ohùn yóò sì ya. Bí wọ́n bá yọ akónápamọ́ àbùjá kúrò, ìgbésókè yóò sọ̀kalẹ̀ láti ìlọ́po 54 ààbọ̀ sí nǹkan bí 26, nítorí pé atújáde yóò máa tẹ̀ lé oníbodè lọ sókè sódò. Ààyè iná-ohùn tí ń wọlé yóò gbòòrò sí i, ohùn yóò sì mọ́. Síbẹ̀, wọ́n ní láti máa fi ayíhùn dín iná-ohùn tí ó bá pọ̀ jù kù.

Àtúntò kẹta kan alárinà. Pẹ̀lú rẹ́sítọ̀ 330,000 óòmù níwájú rẹ̀, alárinà 0.1 maikirofáráàdì yóò jẹ́ kí ìró rìn dé nǹkan bí 5 hẹ́ẹ̀tìsì kí ó tó rọ. Èyí tí ó jẹ́ 0.022 yóò rọ ní 22. Èyí tí ó jẹ́ 0.01 yóò rọ ní 48, ìsàlẹ̀ ohùn ìlù ńlá yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí sọnù. Fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́dọ̀ ju 250 lọ. 400 ni ó dára.

Wọ́n a tún máa yọ ECC83 láti fi ECC82 sí ojú rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn bá ara mu. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bá ara mu. Agbára ECC83 láti gbé ohùn sókè jẹ́ ìlọ́po 100 kí wọ́n tó so rẹ́sítọ̀ mọ́ ọn; ti ECC82 kò ju nǹkan bí 17 sí 20 lọ, ìṣàn iná tí ó sì ń fẹ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìṣirò rẹ́sítọ̀ agbàwọlé àti ti atújáde ṣe.

7. Wíwá àléébù

Níbí ni àǹfààní orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ ti hàn jù lọ, nítorí pé oníṣẹ́ lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ní èdè ara rẹ̀. Ṣé adáná ń dá iná? Ṣé atújáde ń tú jáde? Ṣé agbàwọlé ń gbà? Ṣé oníbodè ń gba owó bodè? Ṣé alárinà ń jò? Mítà ni yóò dá a lóhùn. Bí ara ẹ̀rọ bá le, ohun tí yóò kà ni 164 fóòtì lára agbàwọlé, 1.29 fóòtì lára atújáde, òdo lára oníbodè, àti òdo ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kì í ṣe àìsàn, nítorí pé iná ilé kì í dúró sójú kan, fáàfù méjì kì í sì í jọ ara wọn tán.

Bí agbàwọlé bá ní 250 fóòtì tí atújáde sì wà ní òdo, kò sí ìṣàn. Adáná ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ fáàfù tí ó lè ti dógùn-ún. Bí agbàwọlé bá ní 250 ṣùgbọ́n tí atújáde ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí rẹ́sítọ̀ 1,500 óòmù ti já. Bí agbàwọlé fúnra rẹ̀ bá wà ní òdo nígbà tí 250 fóòtì wà lẹ́yìn rẹ́sítọ̀ rẹ̀, rẹ́sítọ̀ 100,000 óòmù ni ó já.

Bí agbàwọlé bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, wọn yóò wo atújáde. Bí atújáde bá wà ní òdo, àbùjá ti já pọ̀ nínú, oníbodè kò sì rẹlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí atújáde bá ga ju 1.29 lọ, ohun kan ń gbé oníbodè sókè. Ó lè jẹ́ alárinà ẹ̀rọ tí ó ṣáájú ni ó ń jò. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú fáàfù díẹ̀, tí ìṣàn iná sì ń gba ara oníbodè kọjá. Àmì owó bodè ni pé bí wọ́n bá ń yí ayíhùn, ariwo bí ìgbà tí gúgúrú ń ta yóò máa jáde, nítorí pé iná àlọ-tààrà ti wà lórí ayíhùn níbi tí kò yẹ kí ó wà.

Àléébù kan wà tí mítà kò lè rí lọ́nà yìí. Bí àbùjá bá gbẹ pátápátá, gbogbo ìwọ̀n yóò pé, ṣùgbọ́n ohùn etí kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti èkejì. Ẹni tí ó mọ ìṣirò ìpín kẹfà yóò rántí 26 àti 54 ààbọ̀. Bí mítà bá sì rí iná àlọ-tààrà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná, alárinà ti ń jò. Wọn kò gbọdọ̀ so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ariwo, kíkùn méjì ni ó wà. Iná ilé ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kíkùn tí ó jinlẹ̀, tí ó jẹ́ 50, ń ti ọ̀dọ̀ wáyà adáná wá, tàbí láti ibi tí ojú òdo ti pàdé ní ojú méjì dípò ọ̀kan. Kíkùn tí ó ga ní ìlọ́po méjì, tí ó jẹ́ 100, ń ti ọ̀dọ̀ akónápamọ́ ńlá tí ó ti gbẹ wá, nítorí pé dáyóòdù mẹ́rin ti sọ ìgbì kọ̀ọ̀kan di méjì. Bí kíkùn bá dín nígbà tí wọ́n bá yí ayíhùn sílẹ̀, iwájú ayíhùn ni ó ti wọlé. Bí kò bá dín, lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì fi igi pẹ́ńsù kan ìgò náà jẹ́ẹ́, tí sípíkà dún bí agogo, ẹ̀yà inú fáàfù ti mì kúrò ní ìdúró rẹ̀, fáàfù mìíràn ni yóò wò ó sàn.

8. Àsọkágbá

Láti inú àlàyé yìí, ìlànà mẹ́ta ni ó jáde fún ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Èkíní, ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti wà lẹ́nu oníṣẹ́ fún gbogbo ohun èlò kan kò nílò arọ́pò. Fáàfù, rẹ́sítọ̀ àti mítà lè dúró. Èkejì, níbi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti fi iṣẹ́ tàbí ewu pamọ́, iṣẹ́ ni kí wọ́n fi sọ orúkọ, kì í ṣe ìrísí, kì í sì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ tí èdè mìíràn fún un. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ àwo àti asẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì mú agbàwọlé àti oníbodè. Ẹ̀kẹta, níbi tí ẹ̀yà kan bá ti ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ní orí kan àti ẹ̀ka mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí akónápamọ́ ńlá, akónápamọ́ alárinà àti akónápamọ́ àbùjá.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: kí wọ́n fi í lé ẹni tí kò tíì rí ẹ̀rọ náà rí lọ́wọ́. Bí ó bá ti ipa orúkọ mọ ibi tí yóò fi mítà kàn, àti ibi tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ náà yẹ kí ó wọ ìwé.